Ẹ Má Fà Á, Ẹ Kọ́kọ́ Tì Í

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí: ọkọ̀ tí ẹ gbé síta lálẹ́, tí ẹ wá bá láàárọ̀ tí yìnyín ti bo gbogbo gíláàsì rẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì kọ̀ tí kò ṣí. Ọ̀pọ̀ nínú yín, yálà Leeds lẹ wà o, tàbí Manchester, Aberdeen, Chicago tàbí Minneapolis, ló ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ń lọ tọ́jú arúgbó, àwọn nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe òru, àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì, aago mẹ́fà kì í bá wọn nílé. Irú wọn kò ní àyè à ń bá ilẹ̀kùn jìjàkadì. Ìkánjú á wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni nǹkan sì ti ń bàjẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò ni pé òtútù fúnra rẹ̀ kì í sábà ba ilẹ̀kùn tàbí gíláàsì ọkọ̀ jẹ́. Ọwọ́ wa ni. Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó kán, rọ́bà tó fà ya, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tó já bọ́ sínú ilẹ̀kùn tí kò gòkè mọ́, gíláàsì iwájú tó sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹ bá wádìí rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé agbára ni ẹnìkan lò, tàbí pé omi gbígbóná ló dà sí i. Yìnyín á yọ́ bó pẹ́ bó yá. Ohun tí ọwọ́ bá ti kán, owó ló ń tún un ṣe, owó náà kì í sì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi ń dì ní ìwọ̀n 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó jẹ́ 32 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ ó ti kíyè sí i pé nígbà mìíràn, àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí á ní ìwọ̀n 2 tàbí 3 lókè òdo ni òtútù máa mọ, síbẹ̀ ẹ ó jáde, ẹ ó sì bá yìnyín lójú gíláàsì. Wọn kò purọ́ fún yín. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n wọ̀n, wọn kò wọn gíláàsì ọkọ̀ yín. Gbogbo ohun tó bá kọjú sí sánmà lóru ló ń tú ooru ara rẹ̀ sókè. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ó ń dá lára ooru náà padà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, tí ìràwọ̀ yọ, tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, ooru á kàn máa lọ ni. Gíláàsì á wá tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, á ti sọ̀kalẹ̀ kọjá òdo nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì dé ibẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á bà lé e, á sì di yìnyín lójú ẹsẹ̀, láìtilẹ̀ kọ́kọ́ di omi.

Ìdí nìyí tí gíláàsì iwájú, tó dà bí ẹni fara ti ẹ̀yìn tó ń wòkè, fi ń dì ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Ti ẹ̀gbẹ́ kọjú sí ògiri ilé àti sí àwọn ọkọ̀ mìíràn, àwọn yẹn sì ń fún un ní ooru díẹ̀díẹ̀. Ìdí kan náà ló mú kí ọkọ̀ tó wà lábẹ́ òrùlé lásán, tí kò ní ògiri kankan, jí ní gbígbẹ nígbà tí ti aládùúgbò rẹ̀ tó wà ní gbangba ti funfun. Bí ẹ kò bá ní irú àyè bẹ́ẹ̀, abẹ́ igi sàn ju ìta lọ. Bí ẹ bá sì da nǹkan bo gíláàsì iwájú lálẹ́, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Wọ́n ń ta ohun ìbòrí tí wọ́n dìídì ṣe fún un, kò wọ́n, ṣùgbọ́n páálí ńlá kan tó gbẹ náà tó. Ẹ kàn má lo aṣọ tàbí táwẹ́lì tó ń mu omi, torí yóò dì mọ́ gíláàsì, ìyọnu kan á sì di méjì.

Àwọn kan máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó kọjú ọkọ̀ sí ìlà oòrùn. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ẹni tó ń jáde ní aago mẹ́wàá. Lópin oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ ní London títí aago mẹ́jọ á fi lù. Ní Aberdeen, aago mẹ́sàn-án á kù díẹ̀ kó tó yọ. Ẹni tó ń jáde ní aago márùn-ún ààbọ̀ kò lè dúró de oòrùn.

Ó tó gẹ́ẹ́ nípa gíláàsì fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀kùn. Yíká ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni rọ́bà dúdú kan wà, tó rọ̀, tó sì ní ihò gbọọrọ nínú. Nígbà tí a bá ti ilẹ̀kùn, rọ́bà yìí á fún pọ̀, á dí àlàfo kí òjò àti afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Irú èyí tí wọ́n ń lò jù lára ọkọ̀ ni wọ́n ń pè ní EPDM. Rọ́bà gidi ni, oòrùn kì í tètè pa á, òtútù kì í sì í tètè mú kó gan. Omi tó bá há sáàárín rọ́bà yìí àti irin ni ọ̀tá rẹ̀. Ó lè jẹ́ omi òjò ọ̀sán. Ó lè jẹ́ omi tí wọ́n fi fọ ọkọ̀. Ó lè jẹ́ òjò dídì tó wà lórí òrùlé ọkọ̀, tí hítà mú kó yọ́ bí ẹ ṣe ń wà á bọ̀ nílé, tó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí etí ilẹ̀kùn. Nígbà tí omi yìí bá dì, á gbá rọ́bà mú, á gbá irin náà mú. Omi tó dì tún máa ń wú sí i ní bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà gbogbo kọ̀rọ̀ kéékèèké ojú rọ́bà ni yóò kún pátá. Bí rọ́bà náà bá ti gbó, tó ti sán wẹ́wẹ́, kọ̀rọ̀ tí yìnyín máa dì mọ́ á pọ̀ sí i.

Ẹ ó wá rí i pé alẹ́ tó yẹ ká bẹ̀rù jù kì í ṣe alẹ́ tí òjò dídì ń bọ́ wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. Alẹ́ tí òjò lásán rọ̀ dé àṣálẹ́ ni, tí ojú ọ̀run wá là lẹ́yìn náà, tí òtútù sì sọ̀kalẹ̀ kíákíá. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá fi wé ti Chicago: ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, òtútù ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ìwọ̀n 31 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare. Nínú irú òtútù burúkú bẹ́ẹ̀ pàápàá, ilẹ̀kùn tí rọ́bà rẹ̀ gbẹ kò ní yìnyín tó máa dè é. Ilẹ̀kùn tí rọ́bà rẹ̀ tutù sì lè dì pa ní Birmingham nígbà tí òtútù kò ju ìwọ̀n 1 tàbí 2 lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtọ́jú tí mo fẹ́ sọ dúró lé: omi ni ká lé, a kò lè lé òtútù.

Ó wá di àárọ̀. Ẹ dé ìdí ọkọ̀, ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́, ẹ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò gbọ́. Ẹ dúró ná. Ẹ fetí sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìka mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn tí ẹ gbọ́ tí irin inú dún “kẹ́”, tí ọwọ́ náà sì padà sáyè rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, a jẹ́ pé irin ti tú ilẹ̀kùn sílẹ̀, rọ́bà nìkan ló kù tó dì í mú. Bí ọwọ́ ilẹ̀kùn kò bá mira rárá, tàbí tó rọ̀ dẹ̀rẹ̀ láìdún, inú irin gan-an ni yìnyín wà. Nínú méjèèjì, fífà tagbáratagbára kò ní ṣe yín lóore. Ike ni ọwọ́ ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ọ̀pá kékeré kan ló sì so ó mọ́ ohun tó wà nínú. Ike kì í ní sùúrù nínú òtútù.

Ní ọjọ́ kan tí yìnyín mú, mo gbọ́ tí bàbá kan ń pe obìnrin kan láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ pé, “Àǹtí, ẹ má fà á mọ́! Ẹ kọ́kọ́ tì í!” Ìmọ̀ràn tó pé nìyẹn. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí etí ilẹ̀kùn, tàbí kí ẹ fi ìbàdí tì í, kí ẹ máa tì í sínú láti igun òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ má fi ìkúùkù lù ú, kí irin pẹlẹbẹ ara rẹ̀ má baà tẹ̀ wọnú. Ṣe ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà á fún pọ̀, á tún padà. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé ó rọ̀. Yìnyín kò rọ̀. Kò lè fún pọ̀, kò lè padà, sísán ló mọ̀. Ẹ ó gbọ́ tó ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ lábẹ́ ọwọ́ yín, àwọn wóró kéékèèké á sì máa já bọ́ sílẹ̀ láti etí ilẹ̀kùn. Nígbà náà ni kí ẹ wá rọra fà á. Bí apá kan bá ṣí tí apá kejì kò tíì tú, ẹ má fi ipá yọ ọ́, ẹ tún ibi tó dì mú tẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ wo ilẹ̀kùn tó kù. Ilẹ̀kùn mẹ́rin kì í sábà dì bákan náà. Èyí tó wà lápá ògiri ilé, tí òjò kò tọ́ lù, lè ṣí wẹ́rẹ́. Lára ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn ńlá, ẹ lè gba búùtù wọlé. Kò yẹ àgbà, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ọwọ́ ilẹ̀kùn kán lọ. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ tan ọkọ̀, ẹ tan hítà, kí ẹ jókòó tì í. Ooru inú ọkọ̀ á tú ilẹ̀kùn tó kù sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dì pa, ẹ fín oògùn ayọ́-yìnyín sí àlàfo etí ilẹ̀kùn, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ tún padà sí títì. Sukudiráfà àti ọ̀bẹ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé. Rọ́bà ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á ha ọ̀dà ọkọ̀, ibi tí ọ̀dà bá sì ti ṣí ni ìpatà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ kan wà tó nílò ìkíyèsí tirẹ̀, èyí tí gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní férémù irin yí i ká. Bí ẹ bá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn irú ọkọ̀ yẹn, gíláàsì á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kó lè bọ́ kúrò lábẹ́ rọ́bà òkè. Tesla Model 3 wà nínú irú wọn, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì náà sì wà níbẹ̀. Bí yìnyín bá ti di gíláàsì mú, kò ní lè sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá wá fi ipá ṣí ilẹ̀kùn ń fi gíláàsì jà pẹ̀lú rọ́bà, gíláàsì ni yóò sì fọ́. Ẹ yọ́ yìnyín orí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

Ní ti ojú ihò kọ́kọ́rọ́, ẹ má fẹnu fẹ́ èémí sí i. Èémí ní omi nínú, omi yẹn náà á sì dì. Ìgò kékeré oògùn ayọ́-yìnyín tí wọ́n ṣe fún ihò kọ́kọ́rọ́ kò ju ìka lọ; àpò kóòtù tàbí báàgì ni kí ó máa gbé, torí èyí tó wà nínú ọkọ̀ kò lè ran ẹni tó wà níta lọ́wọ́.

Ẹ ti wọlé báyìí. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì wíńdò. Mo tún un sọ: ẹ má tẹ̀ ẹ́. Nínú ilẹ̀kùn, lẹ́yìn páálí tí ẹ ń gbé ọwọ́ lé, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń fi okùn irin gbé gíláàsì lọ sókè sódò, ike kéékèèké ló sì sábà máa ń di ìsàlẹ̀ gíláàsì mú. Bí yìnyín bá di gíláàsì mú lókè, tí ẹ̀rọ sì ń fà á nísàlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ gbà fún èkejì. Ike ló ń gbà. Á kán, gíláàsì á já bọ́ sínú ilẹ̀kùn, ẹ ó sì wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú òtútù tó ń fẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Bí orí bá bá yín ṣe é, fíúùsì nìkan ló máa jó. Irú wàhálà kan náà wà nídìí wáípà: ẹni tó fi í sílẹ̀ ní títàn nígbà tó pa ọkọ̀ lálẹ́, wáípà á fẹ́ ṣiṣẹ́ ní gbàrà tí ọkọ̀ bá tan láàárọ̀, nígbà tí rọ́bà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ máa pa wáípà kí ẹ tó pa ọkọ̀.

A padà sí gíláàsì. Omi gbígbóná ni ohun tó ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa, nítorí kẹ́tù wà ní kíṣìnnì, kò sì pẹ́ hó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Gíláàsì tó tutù kọjá òdo, tí omi gbígbóná wá bà lé lójijì, ojú rẹ̀ á fẹ́ gbòòrò nígbà tí inú rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí òkúta ojú ọ̀nà bá ti ta á rí, tí ààmì kékeré sì wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Bí kò bá tilẹ̀ sán, omi yẹn á ṣàn lọ sínú rọ́bà àti sílẹ̀ níbi tí ẹ dúró sí, á sì tún dì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà kò bọ́ nínú ẹjọ́ kejì yìí.

Ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún híha yìnyín ló tó. Ẹ má lo irin. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ darí afẹ́fẹ́ hítà sí gíláàsì iwájú, ẹ tan waya tó ń mú gíláàsì ẹ̀yìn gbóná, kí ẹ wá bọ́ síta kí ẹ máa ha. Ẹ tan AC pẹ̀lú. Ó ń ya ènìyàn lẹ́nu pé ká tan AC nínú òtútù, ṣùgbọ́n AC ń gba ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ kí hítà tó mú un gbóná, gíláàsì inú á sì tètè mọ́. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wá láti ìta, ẹ má fi í sí èyí tó ń yí afẹ́fẹ́ inú ká, èyí tí èémí yín ti rin gbingbin.

Oògùn ayọ́-yìnyín tí wọ́n ń tà nínú agolo, ọtí líle tí kì í ṣe mímu ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ lè po tiyín nílé: isopropyl alcohol ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ilé oògùn ń tà, ife méjì, omi ife kan, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tí a fi ń fín nǹkan. Isopropyl alcohol ogidi kì í dì títí òtútù á fi dé bíi ìwọ̀n 89 sí ìsàlẹ̀ òdo, nítorí náà bí ẹ tilẹ̀ fi omi là á báyìí, òtútù tí a sábà ń rí kò ní mú un. Ẹ má fín in nítòsí iná tàbí sìgá, ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé tó o. Iyọ̀ ń yọ́ yìnyín lóòótọ́, òun náà ni wọ́n ń dà sójú títì, ṣùgbọ́n kò yẹ lára ọkọ̀, torí irin ni yóò jẹ.

Ẹ má ha ihò kékeré kan síwájú ojú yín kí ẹ wá gbéra. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Highway Code, sọ ọ́ ní òfin 229 pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè ríran, kí ó kó òjò dídì àti yìnyín kúrò lójú gbogbo gíláàsì rẹ̀. Gbogbo gíláàsì ni wọ́n wí, kì í ṣe iwájú nìkan. Wọ́n ní kí iná ọkọ̀ mọ́, kí nọ́ńbà ọkọ̀ ṣeé kà, kí awakọ̀ sì kó òjò dídì tó lè já bọ́ sójú ọ̀nà ẹlòmíràn kúrò. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ bíi New Hampshire àti Pennsylvania ní òfin tirẹ̀ lórí yìnyín tó ń fò kúrò lórí òrùlé ọkọ̀, torí ó ti pa ènìyàn. Ọmọ ilé ìwé tó ń sọdá láti ẹ̀gbẹ́ òsì ní aago mẹ́jọ kù díẹ̀, pẹ̀lú kóòtù dúdú lọ́rùn, ihò kékeré yẹn kò lè fi í hàn yín. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí.

Ẹ má sì tan ọkọ̀ sílẹ̀ lójú títì kí ẹ wá padà lọ mu tíì nílé. Òfin 123 nínú ìwé kan náà kò gbà á, òfin Jámánì náà kò sì fàyè gba pé kí ẹ́ńjìnì kàn máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró láìnídìí. Olè fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò sì lè kọ̀ láti san owó rẹ̀. Èyí tó burú jù ni èéfín. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáráàjì tí wọ́n tì, tàbí tí òjò dídì ti dí ihò èéfín rẹ̀, á máa rọ carbon monoxide sínú ilé tàbí sínú ọkọ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani. Ẹ máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ gbọ́n ihò èéfín kí ẹ tó tan án.

Ìjà àwa àti yìnyín ojú gíláàsì kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Obìnrin ará Alabama kan, Mary Anderson, wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro kan ní New York lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, ó sì rí bí awakọ̀ ṣe ní láti ṣí gíláàsì iwájú sílẹ̀ nínú yìnyín kí ó tó lè ríran. Ó padà sílé, ó sì ya àwòrán wáípà kan tí awakọ̀ lè máa fi ọwọ́ darí láti inú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1903, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀rí olùpilẹ̀ṣẹ̀. Ní 1905, ilé iṣẹ́ kan ní Montreal dá a lóhùn pé ohun tó ṣe kò ní pa owó. Ọdún 2011 ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn ọlá àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1953. Gbogbo ìgbà tí wáípà bá gbá omi kúrò níwájú mi ni mò ń rántí obìnrin yìí, inú mi sì ń bàjẹ́ pé kò jèrè rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù kù, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àárọ̀. Ẹ mú ọ̀sán kan tí ojú ọjọ́ gbẹ, kí òtútù tó wọlé gan-an, bíi oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan gbayawu. Ẹ fi kànìnkànìn tó ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ rọ́bà náà yíká. Nísàlẹ̀, níbi tí rọ́bà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ẹ ó bá iyanrìn, ewé jíjẹrà àti irun ajá tó ń mu omi sára. Ẹ fi ìka yọ ọ́. Ẹ nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí ẹ wá fín silicone sára aṣọ mímọ́, kí ẹ fi aṣọ náà pa rọ́bà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí a ṣe ń fi òrí pa ètè nígbà ọyẹ́. Ẹ má fín in tààrà sí ilẹ̀kùn, torí ó lè ta sí gíláàsì kó máa ṣe bàìbàì, tàbí sí ibi ìtẹ̀sẹ̀ kó máa yọ̀. Ojú rọ́bà tó bá ní silicone kì í jẹ́ kí omi dúró lórí òun. Omi á ṣù, á sì yí kúrò. Èyí tó bá tilẹ̀ kù tó dì kò ní rí nǹkan dì mọ́.

Ẹ má lo epo ẹ́ńjìnì, gíríìsì lásán, kẹrosíìnì, tàbí epo fínfín tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì tó dípatà. EPDM kì í bá ohun tó wá láti inú epo rọ̀bì rẹ́; ó ń wú, ó sì ń rọ̀ jù. Inú epo rọ̀bì náà ni wọ́n ti ń rí Vaseline, nítorí náà bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ ra silicone. Ní Jámánì, ọ̀rá àgbọ̀nrín ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń lò, tí wọ́n rọ sínú ike kékeré tí a ń yí jáde. Glycerine náà dára. Bí ẹ bá ń ṣe ilẹ̀kùn, ẹ má gbàgbé rọ́bà búùtù, ihò tí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ń gbà sọ̀kalẹ̀, àti ìdérí ibi tí a ti ń rọ epo. Ẹni tó ní ọkọ̀ oníná kí ó rántí ìdérí ibi tó ń gbà á sí.

Ẹ tún jẹ́ kí inú ọkọ̀ gbẹ. Bàtà tó gbé òjò dídì wọlé, agbòòjò tí a jù sẹ́yìn, rọ́ọ̀gì ẹsẹ̀ tó rin, gbogbo wọn ló ń di yìnyín sínú gíláàsì lóru, èyí tó ṣòro ha ju ti ìta lọ. Ẹ máa gbọ́n bàtà sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ máa kó rọ́ọ̀gì tó tutù wọ ilé. Nígbà tí ẹ bá dé ilé lálẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjì fún ìṣẹ́jú kan kí afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ wọlé, kí èyí tó kún fún èémí jáde. Bí ẹ bá sì ní láti fọ ọkọ̀ nígbà òtútù, ọ̀sán ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ nu etí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Silicone ti oṣù Kọkànlá kò ní tó yín dé oṣù Kẹta. Ẹ tún un pa lẹ́yìn ọdún tuntun. Ó ku ohun kan: nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ pátápátá, ihò kéékèèké wà tí omi ń gbà jáde. Ẹ wá wọn kàn, kí ẹ fi igi ìtayín kan yọ ẹrẹ̀ inú wọn.